Bí A Ṣe Ń Ran Àgbàlagbà Tí Àrùn Ìgbàgbé Ń Bá Jà Lọ́wọ́ Láti Wọṣọ

Ní ọdún tí àrùn ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára ìyá mi, aṣọ ni ó kọ́kọ́ tú u síta, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti ń ta ẹja yíyan láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú mọ̀ wọ́n, ìdájí ni wọ́n sì máa ń múra, nínú òkùnkùn, láìtan iná, nítorí pé ọwọ́ wọn mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n jáde sí pálọ̀ pẹ̀lú ìró mẹ́ta lórí ara wọn, tòbí sì wà lókè gbogbo rẹ̀. A rẹ́rìn-ín. Ó tó oṣù mélòó kan kí a tó mọ̀ pé kò sí ohun ẹ̀rín níbẹ̀.

Àwọn kan ń pè é ní ṣíṣarán, àwọn mìíràn ń pè é ní àìsàn ọjọ́ ogbó, àwọn tí kò sì ní àánú máa ń dárúkọ èpè tàbí àjẹ́. Àìsàn ọpọlọ ni. Dókítà ará Jámánì kan, Alois Alzheimer, ti ṣàlàyé irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù lọ láti ọdún 1906. Láti nǹkan bí ọdún 1992 sì ni àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn ti ń tọpa rẹ̀ láàárín àwọn àgbà Yorùbá ní àdúgbò Ìdíkàn. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé ó ń mú àwọn àgbà tiwa náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n tó fi ń mú wọn lọ́dọọdún kò tó ìdajì ti àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n fi wọ́n wé ní Indianapolis. Irú mìíràn wà tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn rọpárọsẹ̀ máa ń fà, ìyẹn sì máa ń sọ apá tàbí ẹsẹ̀ kan di aláìlágbára, èyí tó ṣe pàtàkì nígbà tí a bá fẹ́ wọṣọ.

Lójú ẹni tí ara rẹ̀ dá, wíwọ aṣọ dà bí iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ wọ bùbá lónìí díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa ṣọ́ ohun tí ẹ ń ṣe, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ púpọ̀ ni. Ènìyàn ní láti yan bùbá nínú àwọn aṣọ tó kù, kí ó mọ inú rẹ̀ yàtọ̀ sí òde, kí ó mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn, kí ó má ki orí bọ ojú apá, kí ó sì máa rántí ní gbogbo àkókò yìí pé aṣọ ni òun ń wọ̀. Ẹni tí àrùn ìgbàgbé ń bá jà lè ṣìnà ní èyíkéyìí nínú àwọn ibi wọ̀nyí, ṣùgbọ́n kì í ṣìnà ní gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà. Iṣẹ́ ẹni tó ń tọ́jú wọn ni láti mọ ibi tí okùn ti ń já, kí ó di ibẹ̀ mú, kí ó sì fi èyí tó kù sílẹ̀ fún ẹni tó ni ara. Bí ẹ bá gba gbogbo rẹ̀ ṣe nítorí pé ó máa ń yá bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ tí ọwọ́ tó ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń ró ìró yóò fi jọ̀wọ́ rẹ̀ pátápátá.

Inú àpótí aṣọ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: ẹni tó bá ti ṣí àpótí ìyá arúgbó rí yóò rí aṣọ ẹbí ogún ọdún níbẹ̀, yóò rí léèsì tí wọ́n fi gbé àkọ́bí níyàwó, yóò sì rí ìró tí ẹni tó rà á fún wọn ti di olóògbé. Ọ̀pọ̀ aṣọ yìí ni ó ń da ojú rú. Ẹ kó wọn lọ sí yàrá mìíràn, kí ẹ fi ìmúra márùn-ún tàbí mẹ́fà tí wọ́n fẹ́ràn sílẹ̀. Ẹ má ta àwọn tó kù, ẹ má sì fi wọ́n tọrẹ, nítorí pé wọ́n lè béèrè ọ̀kan nínú wọn ní ọjọ́ tí ẹ kò retí, ìbéèrè yẹn yóò sì di ẹkún bí wọn kò bá rí i.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá télọ̀ tó ní sùúrù, nítorí pé aṣọ wa kò le tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò, bí a bá ti ṣe àtúnṣe díẹ̀ sí i. Ọrùn bùbá ni ó máa ń dá ìjà sílẹ̀: ó há, orí ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbà wọ̀ ọ́, nítorí náà ó máa ń di pé aṣọ bo ojú ẹni tí kò mọ ìdí tí òkùnkùn fi ṣú lójijì. Ẹnikẹ́ni ni yóò jà. Ẹ jẹ́ kí télọ̀ la iwájú bùbá láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, kí ó fi bọ́tìnnì ńláńlá sí i, tàbí ohun alẹ̀mọ́ra tí à ń rí lára sáńdà ọmọ iléèwé, èyí tó máa ń dún ràrà bí a bá ń ṣí i. Apá bùbá ní tirẹ̀ fẹ̀ dáadáa, ìdí nìyẹn tí mo fi yàn án ju bùláòsì èyíkéyìí lọ.

Ní ti ìró, ewu rẹ̀ ni pé ó máa ń tú, etí rẹ̀ yóò sì wọ́lẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tí kò lè sáré mú un, ibẹ̀ sì ni àgbà ti ń ṣubú tí egungun ìbàdí fi ń ṣẹ́. Télọ̀ lè rán an bíi síkẹ́ẹ̀tì, kí ó fi rọ́bà sí ìbàdí rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí aṣọ kan kọjá níwájú kí ó lè dà bí ìgbà tí wọ́n ró o. Kí ó má kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Fún àwọn bàbá, ṣòkòtò onírọ́bà sàn ju olókùn lọ, nítorí pé okùn máa ń ta kókó ní àkókò tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n wọ́n. Ẹ jìnnà sí sípù pẹ̀lú. Àgbádá dára fún òde, ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ tí ènìyàn lè wọ̀ rìn nínú ilé. Bí kọ́mú bá ti di wàhálà, ẹ wá èyí tí wọ́n ń de níwájú tàbí kí ẹ fi síńgílẹ́ẹ̀tì rọ́pò rẹ̀. Àǹkárá tó ti fọ̀ títí tó rọ̀ àti àdìrẹ ni ara arúgbó ń fẹ́ nínú ooru etí ọ̀sà. Léèsì máa ń gún ara, gínì tí wọ́n sì fi sítáàṣì sí máa ń gan bíi páálí.

N kò fara mọ́ àṣà àwọn tó ń fi aṣọ ìwọ̀sùn sílẹ̀ lára àgbà láti òwúrọ̀ di alẹ́ nítorí pé ó rọrùn. Ẹni tó ti ń ró ìró fún ọgọ́ta ọdún mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun kò tíì múra, yóò sì máa ṣe bí ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan aṣọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sí ilé ìyàgbẹ́, kí ẹ pàrọ̀ pámpáàsì bí wọ́n bá ń lò ó. Ẹ ṣe é ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, ní ibì kan náà. Ẹ tan iná tàbí kí ẹ ṣí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ tó, ẹ pa rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ẹ sì ti ilẹ̀kùn kí ọmọ ilé má máa wọlé jáde. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ ti fèrèsé kí òtútù má bà wọ́n nígbà tí ara wà ní ìhòòhò. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ nínú dígí, tàbí pé ojú ń tì wọ́n láti bọ́ aṣọ níwájú ‘àlejò’ yẹn, ẹ fi aṣọ bo dígí náà. Wọn kò mọ̀ mọ́ pé àwọn ni wọ́n ń wò. Àga tó ní apá méjèèjì ni kí wọ́n jókòó lé, kì í ṣe etí bẹ́ẹ̀dì tó ń tẹ̀ lábẹ́ ènìyàn.

Ẹ to aṣọ sílẹ̀ ní bí a ó ṣe wọ̀ wọ́n tẹ̀léra wọn, kí èyí tí a ó kọ́kọ́ wọ̀ wà lókè: pátá, síńgílẹ́ẹ̀tì, bùbá, ìró. Ẹ má to aṣọ funfun sórí bẹ́ẹ̀dì funfun, nítorí pé ojú wọn kì í tètè yà á sọ́tọ̀. Bí wọ́n bá ṣì lè yàn, ẹ gbé méjì sókè, kí ẹ béèrè pé, ‘Ṣé aláwọ̀ ewé yìí ni mà, àbí ẹlẹ́lùú?’ Ìbéèrè bíi ‘Kí lẹ fẹ́ wọ̀?’ gbòòrò jù fún wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ lé wọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ti kọ ọrùn rẹ̀ sí ọ̀nà tó yẹ, kí ẹ sì sọ ohun kan ṣoṣo: ‘Ẹ mú apá wá, mà.’ Kí ẹ dákẹ́. Ẹ ka ẹní, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀wá nínú ọkàn yín. Ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ lọ́nà kí ó tó dé ọwọ́ nínú àrùn yìí, bí ẹ bá sì sọ ọ̀rọ̀ kejì kí èkíní tó dé, méjèèjì yóò sọnù. Ẹ má béèrè bóyá wọ́n rántí. Ẹ má sọ pé, ‘Ṣebí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ fún yín ni.’

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tí n kò lè fò kọjá. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń sọ pé ‘Ẹ gbé apá yín sókè, mà’ ní oṣù kìíní yóò máa sọ pé ‘Gbé apá ẹ sókè’ bó bá fi di oṣù kẹfà, àwa ọmọ náà sì máa ń ṣe é láìmọ̀, bí ẹni pé ọ̀wọ̀ bá ìrántí lọ. Ẹni tó ti gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀ ṣì mọ̀ bí wọ́n bá ń rí òun fín, ara rẹ̀ yóò sì le gbagidi. Ẹ kí wọn káàárọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn wọ́n, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ síwájú wọn kí wọ́n lè rí ojú yín. Bí ẹ bá mọ oríkì ìdílé wọn, àkókò rẹ̀ nìyí. Mo ti rí apá tó dì pinpin tó tú sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kì wọ́n, tí ìyá fúnra wọn sì gba ìlà tó kàn lẹ́nu rẹ̀.

Nípa ìlò ọwọ́: ẹ má fa ọwọ́ wọn gba inú apá aṣọ. Ẹ ti ìsàlẹ̀ apá aṣọ ki ọwọ́ yín bọ inú rẹ̀, kí ẹ bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ bí ẹni ń kí ènìyàn, kí ẹ sì fi ọwọ́ kejì rọra gbé aṣọ gun apá wọn lọ sí èjìká. Àtàǹpàkò kò ní kọ́ aṣọ. Bí àrùn rọpárọsẹ̀ bá ti mú apá kan, apá tí kò lágbára ni ẹ ó kọ́kọ́ wọ̀, òun náà ni ẹ ó sì bọ́ kẹ́yìn. Ní ti ìsàlẹ̀ ara, kí wọ́n jókòó nígbà tí ẹ bá ń ki ẹsẹ̀ wọn bọ pátá àti ṣòkòtò tàbí ìró onírọ́bà, kí ẹ fà gbogbo wọn dé orúnkún, kí ẹ wọ bàtà fún wọn, kí wọ́n tó dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n di apá àga mú, kí ẹ sì fà gbogbo rẹ̀ sókè pọ̀. Ìdìde lemọ́lemọ́ ni ó ń rẹ̀ wọ́n. Bàtà tó bo gìgísẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì yọ̀, ni kí ó jẹ́. Sálúbàtà ti gbé àgbà púpọ̀ ṣubú.

Ìtìjú wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì yẹ kí a díbọ́n bí ẹni pé kò sí, pàápàá bí ó bá jẹ́ ọmọkùnrin ni ó ń wọṣọ fún ìyá rẹ̀ tàbí ìyàwó ilé fún bàbá ọkọ. Bí obìnrin bá wà nílé fún ìyá, tí ọkùnrin sì wà fún bàbá, kí ó bọ́ sí i bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí, ìró kan ṣoṣo ti tó. Ẹ fi bò wọ́n láti àyà dé orúnkún, kí iṣẹ́ yín máa lọ lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì wọ aṣọ òkè tán kí ẹ tó bọ́ ti ìsàlẹ̀. A kì í tú ara àgbà sílẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn ọjọ́ kan wà tí wọn yóò kọ̀ jálẹ̀. Ẹ wádìí bóyá nǹkan ń dùn wọ́n, nítorí pé èjìká tí làkúrègbé wà nínú rẹ̀ kò lè sọ ìdí tí kò fi fẹ́ gòkè. Bí kò bá sí ìrora, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì padà wá bí ẹni tí kò tíì wá rí, tàbí kí ẹlòmíràn wá dípò yín. Bí wọ́n bá sun aṣọ àná mọ́jú lẹ́ẹ̀kan, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ìjà tí ìyá mi máa ń bá wa jà jù lọ ni ti aago 4 ìdájí, nígbà tí wọ́n bá ń múra ọjà. Àbúrò mi yóò ní, ‘Màámi, ẹ kò tajà mọ́, ọdún kẹta rèé,’ ìyá yóò sì bú sẹ́kún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Nígbà tó yá, a kọ́ láti béèrè pé, ‘Ẹja wo ló pọ̀ lọ́jà, mà? Ṣé àrọ̀ ni àbí ọ̀bọ̀kún?’ Wọn yóò jókòó láti ṣàlàyé, wọn yóò dárúkọ àwọn oníbàárà wọn, ilẹ̀ yóò sì máa mọ́ lọ. Ẹnikẹ́ni kò purọ́ fún wọn, ẹnikẹ́ni kò sì bá wọn jiyàn.

Láàárín ọdún yẹn kan náà ni mo rí ohun tó yà mí lẹ́nu. Wọn kò mọ orúkọ gèlè mọ́. Bí a bá béèrè, wọn yóò ní ‘nǹkan orí’. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ́ ẹ sí ọwọ́ wọn ní gbọọrọ, ọwọ́ yóò gbé e kọjá orí, yóò fà á yí ẹ̀yìn, yóò sì so ó, láìwo dígí. Ohun tí ọwọ́ ti ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń pẹ́ kí ó tó lọ ju ohun tí ẹnu ń sọ. Ẹ wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lára ẹni tiyín, ó lè jẹ́ fìlà títẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí bọ́tìnnì, tàbí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, kí ẹ sì fi sí ìparí ìmúra, kí ó lè jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n parí rẹ̀.

Bí wọ́n bá tẹra mọ́ aṣọ kan ṣoṣo, ẹ ra irú àǹkárá yẹn sí i kí télọ̀ rán ìkejì àti ìkẹta rẹ̀, kí ẹ máa pàrọ̀ wọn bí wọ́n bá sùn. Bí wọ́n bá wọ aṣọ lé aṣọ, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá òtútù ni. Bí ooru kò bá pọ̀, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń bani lẹ́rù jù ni kí wọ́n máa bọ́ aṣọ níta, nítorí pé ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá rìn ní ìhòòhò ti di wèrè tó wọ ọjà lójú àwọn ènìyàn. Ìdí rẹ̀ kì í ju ooru, ìtọ̀, tàbí aṣọ tó ń yún ara lọ. Ẹ ju ìborùn bò wọ́n, ẹ dì wọ́n lápá bí ẹni tí ẹ jọ ń rìn, kí ẹ yà sínú ilé láìpariwo. Kí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ tó dé, ẹ ti sọ fún àwọn aládùúgbò pé àìsàn ni, kí wọ́n lè ràn yín lọ́wọ́ dípò kí wọ́n máa yọ fóònù láti ya fọ́tò.

Òde ńlá ní ìṣòro tirẹ̀. Lẹ́yìn Iléyá, nígbà tí àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́ bá ń ṣe ọdún Káyókáyó ní ìrántí ìgbà tí Ọba Kòsọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n lé e kúrò ní Èkó ní 1851, kò sí ìyá tó fẹ́ jókòó sílé. Ẹ fún télọ̀ ní ti wọn nínú aṣọ ẹbí ṣáájú, kí ó rán an ní bí mo ṣe sọ lókè, kí wọ́n sì ti wọ̀ ọ́ wò nínú ilé lẹ́ẹ̀mejì kí ọjọ́ tó pé. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ti dé ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ wọ̀ ọ́ fún wọn, kí ẹ sì mú ìmúra kejì dání nínú báàgì.

Àkókò tí ara bá wà ní gbangba ni kí ẹ wò ó dáadáa: abẹ́ ọmú, ìdí, gìgísẹ̀ àti ibi tí egungun ti yọ, bóyá ó pọ́n tàbí ó ti ń bó, ẹsẹ̀ tó wú, rọ́bà ìbàdí tó ṣàdéédéé tú nítorí pé wọ́n ti rù. Bí ẹni tó ń wọ bùbá rẹ̀ lánàá kò bá mọ ohun tí wọ́n ń pè ní bùbá lónìí, ẹ má rò pé àrùn ìgbàgbé ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ síwájú, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni ó sábà máa ń rìn. Ibà, àrùn inú ìtọ̀ tàbí oògùn tuntun lè fa ìyípadà ọjọ́ kan bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.

Aṣọ tí ẹ bá bọ́ lára wọn, ẹ kó o kúrò nínú yàrá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí ẹ sì rẹ ẹ́ sínú omi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó bá a lára wọn padà bí ẹ bá fi máa gbé oúnjẹ dé. Ti ọ̀la ni kí ẹ tò lálẹ́, sí ibi tí wọn kò ti ní rí i kí ilẹ̀ tó mọ́.